Ẹ Gbóòórùn Rẹ̀ Ná

Bí ẹ bá dé Ṣakí láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, tí ẹ ní Àsíátù lẹ̀ ń wá, wọn á bi yín pé Àsíátù wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Gbóòórùn-rẹ̀ lẹ̀ ń wá, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ni yóò mú yín dé ẹnu ààrò rẹ̀. Èmi ni télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ìsọ̀ mi kọjú sí ààrò rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, kì í fẹ́ padà. Ẹ wo ìyà tí mo jẹ. Mo rán aṣọ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín kan nígbà kan, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ, ó jókòó tán ni àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló gbé ọbẹ̀ wọlé. Mo bá Àsíátù jà lórí èéfín ẹja rẹ̀ yẹn títí ó fi sú mi. Bí mo bá ti ń pariwo, ẹ̀rín ló máa ń rín, yóò sì fi ewé di ìrù ẹja kan ránṣẹ́ sí mi. Ta ló lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà pẹ́?

Ẹja odò Ẹ̀gìrì ló ń yan. Ẹ̀gìrì kì í ṣe odò tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Bí ọyẹ́ bá mú, tí koríko ti jó tán, èèyàn lè là á kọjá láì ká ṣòkòtò. Àmọ́ ó ní ibú kan lábẹ́ àpáta tí kì í gbẹ láé, ibẹ̀ ni gbogbo àrọ̀ ńláńlá máa ń sá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Apẹja kan tó ń jẹ́ Jẹ́ẹ́dé ló ń bá Àsíátù pa wọ́n. Ìyá Àsíátù yan ẹja ibú yẹn, ìyá ìyá rẹ̀ náà sì yan án. Igi àyìn nìkan ló fi ń dáná, ó ní igi mìíràn máa ń mú ẹja korò. Yóò ká àrọ̀, yóò fi ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, yóò fi igi ìgbálẹ̀ gún un kó má baà tú, yóò wá tò wọ́n sórí wáyà tó tẹ́ sójú àgbá. Ọ̀rá ara wọn á máa kán sínú iná, iná á sì máa dún ṣìì.

Bí oníbàárà bá dé, kì í kọ́kọ́ bá a nájà. Yóò mú ẹja kan, yóò ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn, yóò gbé e sún mọ́ onítọ̀hún nímú, yóò ní, "Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná." Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọjà. Ó máa ń sọ pé ojú lè tan èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n imú kì í da olówó rẹ̀. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n máa ń di ojú bí wọ́n bá ń gbóòórùn ẹja náà. Wọ́n ń wá láti Ògbòòrò, wọ́n ń wá láti Ìràwọ̀, pẹ̀lú iṣu tí wọ́n dì sẹ́yìn alùpùpù.

Ọkọ Àsíátù ti kú. Ràmọ́nì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣe mẹkáníìkì ní Ìlọrin, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ kó wá máa bá òun gbé. Kò lọ. Ó ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ máa pè mí ní Ìlọrin? Ìyá mẹkáníìkì? Ibí ni orúkọ mi wà." Òótọ́ ló sọ. Yàtọ̀ sí orúkọ yẹn, kò ní nǹkan mìíràn láyé tó lè pè ní tirẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ṣe Fẹ́sítáàkì ní Èkó ni ọ̀gbẹ́ni Cornelius dé. Owó epo bẹntiróòlù ń ṣàn káàkiri nígbà náà, gbogbo ẹni tó bá ti ní àpò ló ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ti Cornelius, ọṣẹ ni. Ó gba ilẹ̀ sí apá òkè odò Ẹ̀gìrì, ó kan páànù yí i ká, ó gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń ṣí fìlà kí ẹni tí kò tó ọmọ rẹ̀. Ọṣẹ rẹ̀ sì dára, ó ń hó, ó ń ta sánsán débi pé bí ìyàwó ilé bá fi wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn tó wà ní ojúde á mọ̀. Inú àwọn àgbá búlúù kan tí ọkọ̀ ń kó wá láti Èkó ni òórùn náà wà. Mo bi Cornelius léèrè irú òdòdó tí wọ́n fún òórùn náà jáde lára rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá Ládòkun, kò sí òdòdó kankan níbẹ̀. Kẹ́míkà ni. Àwọn òyìnbó ló jókòó, tí wọ́n pò ó pọ̀."

Bí wọ́n bá ti se ọṣẹ tán lójúmọ́, wọn á fọ ìkòkò, wọn á fọ pátákó, wọn á ṣan àwọn àgbá tó ṣófo, omi tí wọ́n fi ṣàn wọ́n á gba gọ́tà kan lọ sínú Ẹ̀gìrì. Kò pẹ́ tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán. Ẹ má bi mí bóyá ẹnikẹ́ni bínú. Ta ni yóò bínú? Àwọn gìrìpá ọkùnrin ń lọ wẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀. Àwọn obìnrin ń pọn ọ́n fún àlùwàlá. Àáfà àgbàlagbà kan ní bí àwọn odò tó wà ní àlùjánńnà bá ní òórùn, irú rẹ̀ ni yóò jẹ́, láti ọjọ́ náà la sì ti ń pè é ní Odò Àlùjánńnà. Èmi gan-an yọ̀. Mo ń rẹ aṣọ oníbàárà sínú omi náà kí èéfín Àsíátù lè jáde lára rẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́run ti bá mi dá ẹjọ́ mi.

Ẹja kò ní nǹkan kan lára lọ́dún àkọ́kọ́. Àsíátù ń ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn, àwọn èèyàn ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń ní èéfín àyìn ni, kò sí nǹkan mìíràn, wọ́n sì ń rà á. Ọdún kejì náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé, díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ pé àwa tí à ń gbé ìtòsí ò fura. Àlejò ló máa ń kọ́kọ́ mọ òórùn ilé onílé.

Ẹni tó wá là á mọ́lẹ̀ ni Fàtímọ̀. Fàtímọ̀ yìí ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní àdúgbò wa, ọ̀rẹ́ Àsíátù sì ni láti kékeré. Ọmọ rẹ̀ bímọ sí Ìlerò, ó lọ bá a tọ́jú ìkókó, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà. Ọjọ́ ọjà ló dé, ọ̀sán gangan, èrò sì pọ̀ níwájú ààrò. Àsíátù ṣẹ́ àrọ̀ kan tó sanra dáadáa, ó nà án sí i.

"Gbóòórùn rẹ̀ ná."

Fàtímọ̀ gbé e sí imú. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e padà.

"Àsíátù, kí lo fi sí ẹja yìí?"

"Iyọ̀ ni. Kí ni mo tún máa fi sí i?"

"Lọ́fíńdà ni mò ń gbọ́."

Àsíátù bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. "Èmi tí mi ò kun lọ́fíńdà sára mi, ṣé ẹja ni n óò wá kùn ún fún?"

Fàtímọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọṣẹ Cornelius ti dé ni òun náà ti ń fi í wẹ òkú, àwọn ọmọ olóòkú sì fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ìyá àwọn lọ tòun ti òórùn dídùn. Ó rọra gbé ẹja náà padà sórí àtẹ.

Ó ní, "Mo mọ òórùn yìí. Òórùn àwọn òkú mi ni."

Kò pariwo ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní ìkà nínú, ohun tí imú rẹ̀ sọ fún un ló sọ. Àmọ́ ọjọ́ ọjà ni. Kí àwọn èèyàn tó kírun alásárì, ó ti dé òpin ìlú pé ẹja Àsíátù ń rùn bí òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ìyẹn burú ju kí ẹja rùn lásán lọ. Ẹja tó bá ń rùn, ata àti iyọ̀ á bá a wí. Èwo ni ti ẹja tó ń ta sánsán? Kí ló lè mú kí èèyàn da lọ́fíńdà sórí ẹja, bí kò bá ṣe pé ẹja ọ̀hún ti jẹrà?

Àwọn kan ní bóyá omi ọṣẹ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ló borí wọn. Wọ́n ní, "Ṣebí àwa náà ń fi ọṣẹ yẹn wẹ̀. Bí a bá wẹ̀ láàárọ̀, ṣé ó máa ń kù lára wa di ọ̀sán?" Èmi náà bá wọn rò ó. Òórùn tí kò lè dúró lára ẹni tó fi í ra ara, báwo ni yóò ṣe dúró lára ẹja tó kàn ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá nínú rẹ̀? Ó jọ ọ̀rọ̀ gidi nígbà náà, bí a ṣe fi ọ̀rọ̀ gidi pa Àsíátù lẹ́kún nìyẹn.

Ó gbìyànjú. Ó fi iyọ̀ fọ ẹja, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, ó fi eérú pa á lára. Ó pọn omi kànga sínú odù ńlá, ó sọ àrọ̀ láàyè sínú rẹ̀, ó ń pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ títí ẹja fi rù. Ó wá yan án. Bí ọ̀rá ṣe kán sínú iná báyìí, òórùn náà gbéra nílẹ̀, ó gba gbogbo ojúde, ó wọ ìsọ̀ mi. Oníbàárà kan tó ń dán ẹ̀wù wò lọ́dọ̀ mi béèrè pé ta ló kú. Àsíátù jókòó sórí àpótí, ó ń wo iná.

Ó ní, "Bàbá Ládòkun, inú ọ̀rá ló wà. Kì í ṣe ara. Inú ọ̀rá ló wọ̀ lọ."

Mo ní kó lọ rí Cornelius.

Cornelius fún un ní àga, ó fún un ní omi tútù, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin. Ó wá bi í pé, "Mámà, ṣé òórùn burúkú ni?" Àsíátù ní rárá, òórùn dáadáa ni. Cornelius ní, "Ẹja tó ń ta sánsán, kí ló wá burú níbẹ̀?" Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò yé e lóòótọ́ ni. Nígbà tí Àsíátù dìde láti máa lọ, ó gbé odindi páálí ọṣẹ kan fún un, ó ní kó máa fi fọ àwo. Àsíátù gbé e délé, torí pé kò mọ bí èèyàn ṣe ń kọ ẹ̀bùn ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un. Ó tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò tú u.

Ó tún gba ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé lọ, ó ní kí wọ́n bá òun wá yẹ odò wò. Wọ́n wá lóòótọ́, àmọ́ ilé rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n wo abẹ́ ibùsùn, wọ́n tú àpótí aṣọ, ìgò lọ́fíńdà ni wọ́n ń wá. Wọn ò rí ìgò kankan. Ọṣẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n rí. Ọ̀gá wọn wo ọṣẹ, ó wo Àsíátù, ó ní, "Àṣé ọṣẹ lẹ fi ń fọ̀ ọ́." Gbogbo àlàyé tó ṣe, ẹni tó ń rojọ́ lẹ́yìn ìdájọ́ ni. Wọ́n kó ẹja orí wáyà dà sílẹ̀, wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n sun ún lójú gbogbo wa. Wọn ò dé ẹ̀bá odò rárá. Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ni ìbínú télọ̀ fẹ́ ṣe fún ìjọba?

Ó lọ búra ní mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù gbé Àlùkùránì fún un, ó sì búra níwájú ìjọ pé òun ò fi nǹkan kan sí ẹja rí yàtọ̀ sí iyọ̀ àti èéfín. Àwọn èèyàn ní Ọlọ́run gbọ́, Ọlọ́run á dájọ́. Wọ́n bá a ṣe àmín, wọ́n sì lọ sílé láì ra ẹja.

Ìgbà náà ló wá dá ọgbọ́n kan tí n kì í fẹ́ rántí. Ó ní bí àwọn èèyàn bá rí i pé òun ń jẹ ẹ́, wọn á mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ta ni í fi nǹkan sí oúnjẹ kó tún wá jókòó jẹ ẹ́? Ó gbé àpótí sí etí ọ̀nà, ó gbé àwo lé itan, ó ń jẹ ẹja ní gbangba. Ẹja ló fi ń jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹja ló fi ń jẹ iṣu lọ́sàn-án. Èyí tó tóbi jù, tó sanra jù, ni ó máa ń mú, torí ìyẹn ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Yóò yọ ọ̀rá abẹ́ ikùn rẹ̀, yóò gbé e sókè kí àwọn tó ń kọjá lè rí i, yóò gbé e mì.

"Ẹ ò rí i bí? Ẹja ni."

Wọ́n á kí i pé ó kú ìjẹun, wọ́n á kọjá lọ. Èmi náà máa ń lọ bá a jẹ díẹ̀, kó má baà dá jẹ ẹ́ níta bí ẹni tí wọ́n kọ̀, àmọ́ ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n gbé e wọlé. Nígbà tó yá, Jẹ́ẹ́dé fi odò sílẹ̀, ó lọ ń kọ ebè ní Ògbòòrò. Àsíátù ra ìgèrè, ó ń dẹ ẹja fúnra rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń pa á, ó ń yan án, ó sì ń jẹ ẹ́. Ràmọ́nì wá láti Ìlọrin, ó sunkún, ó padà. Kò sí ohun tó lè gbé ìyá rẹ̀ kúrò lórí àpótí yẹn.

Nígbà tí àwọn ológun tún gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, ọjà òkèèrè ò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àgbá búlúù ò sì dé mọ́. Cornelius ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pa, ó kí wa lójúlé-lójúlé, ó bá ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Àwọn àgbá tó ṣẹ́kù wà nínú igbó níbẹ̀, wọ́n ń dípẹtà, wọ́n ń jò. Inú Àsíátù dùn lọ́jọ́ náà. Ó ní òjò kan, òjò méjì, odò á fọ ara rẹ̀. Òjò rọ̀. Ẹ̀gìrì kún, ó sì fà. Omi rẹ̀ ò ta sánsán mọ́ lóòótọ́, bí o bá bù ú mu, omi lásán ni. Àsíátù lọ mú àrọ̀ kan nínú ibú, ó yan án, ó ké sí mi pé kí n gbé aṣọ ọwọ́ mi sílẹ̀ wá. Ó ṣẹ́ ẹ lójú mi. Lọ́fíńdà náà wà níbẹ̀ digbí, ó tilẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lápá ìsàlẹ̀ odò, àwọn obìnrin ń fọ aṣọ, wọ́n ń kọrin, ọṣẹ olóòórùn tí wọ́n ń kó wá láti ìlú mìíràn ló wà lọ́wọ́ wọn. Imú wọn ti mọ́ ọn lára, ọṣẹ tí kò bá ta sánsán kì í ṣe ọṣẹ lójú wọn mọ́.

Ó tó ọdún mélòó kan sí i kí ọmọbìnrin kan tó dé láti yunifásítì. Àpọ́nlé lorúkọ rẹ̀, ẹja inú àwọn odò Òkè-Ògùn ló ń wádìí. Ó rí Àsíátù lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní òun fẹ́ ra ẹja. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó mú ẹja kan, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn.

"Gbóòórùn rẹ̀ ná, ọmọ mi."

Àpọ́nlé gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó jókòó sílẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè títí. Ó gbé ẹja lọ nínú yìnyín. Nígbà tó fi máa padà wá, àgbàdo tí a gbìn lẹ́yìn ìsọ̀ mi ti yọ irun.

Ó ní, "Ìyá, ẹ ò fi nǹkan kan sí i. Kẹ́míkà òórùn inú ọṣẹ ni. Kì í bá omi rẹ́, ọ̀rá ló ń bá rẹ́. Díẹ̀ ló wà nínú omi, ṣùgbọ́n ẹja ń mí omi yẹn tọ̀sán-tòru, èyí tó bá wọ̀ ọ́ lára á lọ jókòó sínú ọ̀rá, kì í jẹrà, kì í sì í jáde bọ̀rọ̀. Àrọ̀ ńlá á tún gbé ẹja kékeré mì, ti ẹja kékeré á di tirẹ̀. Èyí tó bá dàgbà jù, tó sanra jù, òun ló máa ń ní jù." Ó ní ní ilẹ̀ Japan, àwọn onímọ̀ ti rí irú rẹ̀ nínú ẹja odò tó gba àárín ìlú kọjá.

Àsíátù ní, "Bí òrí àti irú."

Àpọ́nlé ò gbọ́ ọ yé, èmi ni mo là á fún un. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, kò sí obìnrin tó máa gbé òrí àti irú sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Bí wọ́n bá jọ sùn mọ́jú, irú ni òrí náà yóò máa rùn. O lè yọ́ ọ, o lè fọ̀ ọ́, irú ni yóò máa rùn títí yóò fi tán. Irú ò ní láti fọwọ́ kàn án rárá, kó ṣáà ti wà nítòsí ni.

Àsíátù ní, "Mo mọ èyí kí n tó mọ ẹja yíyan. Mi ò ronú kàn án."

Àpọ́nlé tẹ̀ lé e lọ sọ́jà, ó sì la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Fàtímọ̀ di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń sunkún, ó ní kó má bínú. Àsíátù ní òun ò bínú. Mo rí ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tó máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́. Ó padà sílé, ó dáná àyìn, ó to ẹja sórí wáyà, ó jókòó, ó ń retí èrò.

Ẹnì kankan ò wá. Wọ́n ti dá a láre, àre yẹn gan-an ló sì pa ọjà rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n rò pé òun ló ń da lọ́fíńdà sí i, ìrètí ṣì wà pé ó lè jáwọ́. Ní báyìí tó jẹ́ pé odò ni, ta ni yóò sọ fún odò pé kó jáwọ́? Mo bi Àpọ́nlé pé kí la wá lè ṣe. Ó ní kí a jẹ́ kí wọ́n kó àwọn àgbá yẹn kúrò, kí a sì yéé fọ aṣọ sínú odò, yàtọ̀ sí ìyẹn, òun ò mọ̀. A lọ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ wọn ti bàjẹ́. A sọ fún àwọn obìnrin, wọ́n ní ṣé inú ilé làwọn yóò ti máa fọ aṣọ ni.

Kí Àpọ́nlé tó lọ, Àsíátù béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń ta okùn sójú abẹ́rẹ́.

"Àwa tí a jẹ ẹ́ ńkọ́?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ìyá, a ò tíì mọ̀. Kò sí ẹni tó tíì wádìí rẹ̀ débẹ̀."

"Ọ̀rá wà lára èèyàn náà, àbí kò sí?"

"Ó wà, mà."

Àsíátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un, ó sìn ín dé ibi tó ti wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò gbé àpótí sí etí ọ̀nà.

Ẹja tó ń tà báyìí, inú páálí ló ti ń wá, ó dì gbagidi nínú yìnyín. Gbogbo yín mọ orúkọ tí à ń pè é: òkú Èkó. Ìlú tó sá fún ẹja Ẹ̀gìrì nítorí pé ó ń rùn bí òkú, òun náà ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà Àsíátù báyìí láti ra òkú Èkó, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń pa lẹ́rìn-ín àfi èmi. Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kì í ní kí ẹnikẹ́ni gbóòórùn nǹkan mọ́. Bí oníbàárà bá fẹ́ gbé ẹja sí imú, yóò rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dì í fún un. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ò mọ ìdí tí à ń fi ń pè é ní Ìyá Gbóòórùn-rẹ̀, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Aṣọ tí mò ń rán ò rùn bí èéfín ẹja mọ́. N kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè dun èèyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń lọ aṣọ, ó sọdá ọ̀nà wá sọ́dọ̀ èmi àti ìyàwó mi. Ó ti wẹ̀, ọṣẹ dúdú nìkan ló ń lò láti ọjọ́ tí Àpọ́nlé ti lọ. Ó ká apá bùbá rẹ̀ dé ìgúnpá, ó na ọwọ́ sí mi.

"Bàbá Ládòkun, ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná."

Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n ṣe ohun tó ní kí n ṣe. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo tẹ̀ ba, mo di ojú bíi ti àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, mo gbóòórùn apá rẹ̀.

Mo ní, "Ọṣẹ dúdú ni."

"Ẹ tún un gbọ́ dáadáa."

Mo tún un gbọ́. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Ìyá Ràmọ́nì."

Ó tú apá bùbá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ààrò rẹ̀ lódìkejì ọ̀nà, níbi tí koríko ti ń hù nínú eérú.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ nípa ẹja, lọ́dún àkọ́kọ́."